Ìwòsàn Kù sí Ọwọ́ Ilé: Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ ní Ìníṣà

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín lónìí lè ya àwọn mìíràn lẹ́nu, nítorí ọ̀rọ̀ ikùn obìnrin ni. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi ìtìjú bò ń ṣe àwọn arábìnrin wa ní ibi, kò sì yẹ kí ẹgbẹ́ tí ó ní òun ń tún àṣà ṣe dákẹ́.

Lẹ́yìn ọmọ bíbí, ikùn àwọn obìnrin mìíràn a máa fà sílẹ̀, iṣan méjì tí ó wà láàárín ikùn a sì máa ya kúrò lára ara wọn. Oníṣẹ́ abẹ lè gé awọ tí ó pọ̀ jù kúrò, kí ó sì rán iṣan náà pọ̀. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun: ní ọdún 1899 ni dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Howard Kelly, ti kọ̀wé nípa irú rẹ̀. Lónìí a ń ṣe é ní Èkó àti ní Àbújá. A kò dúró níhìn-ín láti yìn ín, bẹ́ẹ̀ ni a kò wá bú ẹni tí ó ṣe é. Ohun tí a wá sọ ni pé iṣẹ́ oníṣẹ́ abẹ a parí ní wákàtí díẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìwòsàn kù sí ọwọ́ ilé.

Ẹ wo bí ọgbẹ́ náà ti tóbi tó. Láti ìbàdí kan dé èkejì ni a ti ń gé e, a ó sì ṣí awọ kúrò lára iṣan lọ sókè títí dé ìsàlẹ̀ egungun ìhà. Omi ara a máa gbá jọ sí abẹ́ awọ náà. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ dókítà fi ń ki rọ́bà tín-ín-rín bọ ibẹ̀ kí omi lè máa ṣàn jáde. Fún bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, obìnrin náà yóò máa tẹ̀ rìn. Fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò gbọdọ̀ ru omi, kò gbọdọ̀ gún iyán, kò gbọdọ̀ pọn ọmọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta pàápàá, ojú ọgbẹ́ kò ní ju bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún agbára awọ àtijọ́ lọ, kì í sì í dé ti àtijọ́ mọ́. Àwọn baba wa ti sọ èyí tipẹ́: àpá kò lè jọ ara.

Nígbà tí obìnrin bá bímọ ní ilẹ̀ wa, ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ a wá jókòó tì í, a gba ẹrù lórí rẹ̀, a sì se ọbẹ̀ ẹja fún un. Àṣà rere ni èyí, òun gan-an ni ẹni tí ó ní ọgbẹ́ ikùn nílò. Ẹyin, ẹ̀wà àti ẹja ni ara fi ń tún ara kọ́. Ṣùgbọ́n ìyá yìí kan náà a máa ki aṣọ bọ omi gbígbóná, a sì fi tẹ ikùn ọmọ rẹ̀. Níbi iṣẹ́ abẹ yìí, ewu ńlá ni. Awọ tí a ṣí náà a máa kú tipiri fún ọ̀pọ̀ oṣù. Omi lè bó o kí obìnrin náà má mọ̀. Bákan náà ni kí a má ṣe da àgúnmu tàbí ewé lé ojú ọgbẹ́.

Wàyí o, ẹ rò ó wò: obìnrin kan lọ sí Èkó ní ìkọ̀kọ̀, ó ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó sì wọ ọkọ̀ padà sílé kí ara rẹ̀ tó balẹ̀, nítorí ó ń bẹ̀rù ẹ̀gàn. Ó gbé ẹrù kí ẹnikẹ́ni má bà á fura. Ìyá gbé omi gbígbóná wá, kò lè sọ ìdí tí òun fi kọ̀ ọ́. Ta ni ó pa á lára? Àwa tí a fi í ṣe ẹlẹ́yà ni.

Ní ọdún 2020, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń dáàbò bo oníbàárà ti ilé iṣẹ́ abẹ ẹwà kan pa ní Èkó lẹ́yìn ikú obìnrin kan. Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é kọ́kọ́ bèèrè ìwé ẹ̀rí oníṣẹ́ abẹ rẹ̀. Kí ó sọ fún un bí ó bá ní àtọ̀gbẹ, tàbí bí àpá ara rẹ̀ bá máa ń wú kọjá ààlà ọgbẹ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti wọ́pọ̀ lára àwa ènìyàn dúdú. Bí ó bá ń mu tábà, kí ó fi í sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, nítorí tábà ń dín ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ sí ojú ọgbẹ́ kù.

Kí àwọn ará ilé sì mọ àmì ewu: ibà, ọyún, etí ọgbẹ́ tí ó ń dúdú, ẹsẹ̀ kan tí ó wú, tàbí èémí tí ó ṣàdéédé há. Méjì ìkẹyìn yìí lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì. Kì í dúró de ọjọ́ kejì. Òṣogbo kò jìnnà: ẹ gba Ìkìrun, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ọ̀ṣun lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin ìjòyè, ẹnu yín ni ìlú ń wò. Ẹ sọ ọ́ ní ilé yín pé kí a má ṣe fi ẹni tí ó ní ọgbẹ́ ṣẹ̀sín, kí ó lè rí ẹni tí yóò fi ọgbẹ́ rẹ̀ hàn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.