Èémí Ṣáájú Ohun-Ìní: Ọ̀rọ̀ lórí Èéfín, Ìborí àti Ilẹ̀kùn Ilé Wa



Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ́ni ní lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ nípa iná ilé, àti nípa ohun èlò tí ó ń ran ẹni tí iná ká mọ́lé lọ́wọ́ láti mí. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Bí ènìyàn yóò ti ṣe nígbà tí ewu bá dé, inú ọ̀rọ̀ tí ó ti ń gbọ́ láti kékeré ni ó ti ń kọ́ ọ. Bí ọ̀rọ̀ tí a jogún bá nàka sí ibì kan pé ewu wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni ojú wa yóò máa wò, bí ewu tilẹ̀ ti ṣí kúrò níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò gùn. Iná ni èdè wa kọ́ wa láti bẹ̀rù, ṣùgbọ́n èéfín ni ó ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú ilé tí ó ń jó. Ohun èlò tí ó lè fún wa ní afẹ́fẹ́ tí a lè mí wà, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó lè yá wa. Bí kò bá sí ilẹ̀kùn tí yóò ṣí kí ìṣẹ́jú náà tó pé, a kàn ná owó wa lásán ni.

1. Èéfín nínú ọ̀rọ̀ ẹnu wa

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú òwe. Àwọn àgbà ní, "Èéfín ni ìwà." Bí a bá bò ó mọ́lẹ̀, yóò rú jáde. Nínú òwe yìí, ẹlẹ́rìí ni èéfín; ó ń tú àṣírí, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Wọ́n tún ní, "A kì í fi iná sórí òrùlé sùn." Iná ni ọ̀tá níbẹ̀, òrùlé sì ni ibi tí a ní kí ojú wa wà. Ìtàn Ṣàngó, gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ti kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, sọ bí ọba náà ti dán oògùn mànàmáná wò, tí ààfin rẹ̀ gbiná, tí àwọn aya àti ọmọ rẹ̀ sì ṣègbé níbẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn náà, ọwọ́ iná ni yóò máa rí lójú ọkàn rẹ̀.

Èyí kò túmọ̀ sí pé àwọn baba wa kò gbọ́n. Ilé tí wọ́n ń gbé ni ó kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Òrùlé koríko tàbí ti ewé a máa jẹ́ kí èéfín yọ́ jáde; ẹ̀yìnkùlé tàbí àgbàlá ni a sì sábà máa ń dáná sí. Èéfín ilé ìdáná ní ìwúlò tirẹ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí kòkòrò jẹ àgbàdo tí a so rọ̀ sí òkè àdògán. Òun ni ó ń lé ẹ̀fọn. Òun ni ó ń jẹ́ kí ẹja tí wọ́n yan ní etí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ dé ọjà Ìjẹ̀bú-Òde láìbàjẹ́. Ó ń ta ni lójú, ó ń mú ni wúkọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sú a bọ́ sí gbangba.

2. Ilé ti yí padà, èéfín náà ti yí padà

Bí a bá rìn yí ká Pọ̀rọ̀gún, Ìjàsí tàbí Ìwàdé lónìí, ilé tí a ó rí kì í ṣe ilé inú òwe mọ́. Bulọ́ọ̀kù ni ògiri, páànù ni òrùlé, sílíìnì sì wà lábẹ́ rẹ̀ tí ó dé gbogbo yàrá pa. Irin bọ́gúlárì wà lójú fèrèsé. Ilẹ̀kùn irin wà lẹ́nu ọ̀nà, àgádágodo sì wà lára rẹ̀. Nínú ilé náà ni a ti rí tìmùtìmù onífóòmù, àga onífóòmù, kọ́tìnì onínáílọ́ọ̀nù, rọ́gì, àti oríṣiríṣi ike. Epo rọ̀bì ni ìpìlẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Nígbà tí fóòmù bá ń jó, èéfín rẹ̀ a dúdú, a ki, a sì kún fún májèlé. Méjì nínú wọn ni ó burú jù: carbon monoxide àti hydrogen cyanide. Carbon monoxide kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ẹ̀jẹ̀ wa, tí ó yẹ kí ó máa gbé ọ́síjìn kiri ara, a máa di gáàsì yìí mú ju bí ó ti ń di ọ́síjìn mú lọ, ní ìlọ́po tí ó ju 200 lọ. Orí a kọ́kọ́ máa fọ́ ni, òòyì a máa kọ́ ni, ọkàn a dàrú, orúnkún a sì kọ̀ láti gbéni. Ẹni tí ó ń sùn kò ní mọ ìkankan nínú èyí. Gáàsì yìí kan náà ni ó ń jáde láti inú jẹnẹrétọ̀ tí a gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí sábẹ́ fèrèsé, tí agbo ilé kan sì sùn tí ilẹ̀ mọ́ tí a kò rí ẹni tí yóò jí nínú wọn. Kò sí ọwọ́ iná kankan níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n pe ẹlẹ́rìí méjì, ọ̀kan láti òkè òkun, ọ̀kan láti ìtòsí. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà, ọdún 2017, ilé gíga Grenfell Tower jó ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ènìyàn 72 sì kú. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ìjọba gbé kalẹ̀ parí ìròyìn rẹ̀ ní 2024. Ó rí i pé àwọn tí iná jó ara wọn níbẹ̀ ti kú, tàbí wọ́n ti dákú, nítorí gáàsì tí wọ́n fà símú, kí iná tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025, iná ṣẹ́ ní Afriland Towers ní Broad Street, ní Èkó. Ìsàlẹ̀ ilé náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ní yàrá ẹ̀rọ tí ó ń tọ́jú iná mànàmáná pamọ́. Èéfín ni ó gun òkè lọ bá àwọn òṣìṣẹ́. Àwọn kan gba ojú fèrèsé jáde. Ó kéré tán, ènìyàn 10 ni ó kú. Ilé iṣẹ́ ni ibẹ̀, kì í ṣe ilé ibùgbé, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni: èéfín ni aṣáájú iná.

3. Ohun èlò tí ó ń yáni ní èémí

Ọgbọ́n àtifi nǹkan borí kí a lè mí nínú èéfín kì í ṣe ti òní. Ọmọ aláwọ̀ dúdú kan wà lára àwọn tí ó ṣe gudugudu méje nínú rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Garrett Morgan. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i ní 1877, sí ìdílé tí ó ti wà ní oko ẹrú rí. Ní 1914 ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ìborí kan tí ó ní ọ̀pá rọ́bà gígùn tí ó ń wọ́ dé nítòsí ilẹ̀. Morgan ti ṣàkíyèsí pé èéfín gbígbóná a máa gòkè, àti pé afẹ́fẹ́ tí ó sàn díẹ̀ a máa wà nísàlẹ̀. Ní oṣù Keje, ọdún 1916, ìbúgbàù kan ṣẹlẹ̀ nínú ihò tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbẹ́ lábẹ́ adágún Erie ní ìlú Cleveland. Morgan àti arákùnrin rẹ̀ wọ ìborí náà wọlé, wọ́n sì gbé ènìyàn jáde. Nígbà tí ìròyìn tàn kálẹ̀ pé aláwọ̀ dúdú ni ó ṣe é, àwọn oníbàárà kan yí ohùn padà. A kò gbọdọ̀ gbàgbé ìtàn yìí nígbà tí a bá ń sọ pé irú nǹkan báwọ̀nyí kò kan àwa.

Lóde òní, oríṣi méjì ni ìborí tí a ń tà fún ìsálà. Mo pe àkọ́kọ́ ní ìborí alásẹ́. Gbogbo ẹni tí ó bá ti sẹ́ ògì rí ni yóò mọ ohun tí mo ń sọ: afẹ́fẹ́ inú yàrá náà ni ènìyàn ń mí, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ gba inú asẹ́ kan kọjá. Nínú asẹ́ náà ni a sábà máa ń rí èròjà kan tí ń jẹ́ hopcalite, tí a fi manganese àti bàbà ṣe. Orúkọ rẹ̀ wù mí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀: láti inú orúkọ yunifásítì méjì, Johns Hopkins àti California, ni a ti gé e pọ̀, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ carbon monoxide di gáàsì mìíràn tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rinrin a máa bà á jẹ́. Ìdí nìyí tí a fi ń dì í pa sínú ọ̀rá, tí a kò sì gbọdọ̀ já a láti fi ṣeré. Ìlànà àwọn ará Yúróòpù béèrè pé kí irú ìborí bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 15. Ṣùgbọ́n asẹ́ kì í bu omi sí ògì. Bí iná bá ti jẹ ọ́síjìn inú yàrá tán, ìborí alásẹ́ kò ní ibi tí yóò ti rí òmíràn.

Oríṣi kejì ni ìborí alágolo, tí ó gbé afẹ́fẹ́ tirẹ̀ dání. Òfin àgbáyé lórí ààbò ọkọ̀ ojú omi pàṣẹ pé kí ó wà nínú ọkọ̀, kí ó sì tó mí fún ìṣẹ́jú 10, ó kéré tán. Ó wúwo ju ti àkọ́kọ́, ó sì wọ́n jù ú lọ.

Àwọn ènìyàn tilẹ̀ ti ronú débi ilé ìgbẹ́ olómi. Ní 1982, ará Amẹ́ríkà kan, William Holmes, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a ó tì gba inú omi àwo ìgbẹ́, kí ẹni tí èéfín ká mọ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lè fa afẹ́fẹ́ láti inú páìpù tí ó yọrí sí òrùlé. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó ro irú èrò yìí ti mọ̀ pé ìṣòro ẹni tí iná ká mọ́lé kì í ṣe ooru nìkan. Ṣùgbọ́n ní ìlú tiwa, inú ihò ẹ̀gbin lẹ́yìn ilé ni páìpù náà ti ń bọ̀, n kò sì ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti fi ẹ̀mí rẹ̀ tì í. Ní ti aṣọ tútù tí a máa ń fi bo imú, ó lè dín èérí èéfín kù, ṣùgbọ́n carbon monoxide a gba inú rẹ̀ kọjá láìyà.

4. Ìṣẹ́jú àti ilẹ̀kùn

Ẹ jẹ́ kí a wá béèrè pé, kí ni ìṣẹ́jú 15 wúlò fún? Fún rírìn jáde ni. Lẹ́yìn Grenfell, àwọn panápaná Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìborí dání láti fi wọ ẹni tí wọ́n bá ń mú gba inú èéfín kọjá. Ìborí wà níbẹ̀, ẹni tí ó mọ ọ̀nà wà níbẹ̀, ọ̀nà náà sì wà. Bí a bá wọ irú ìborí kan náà fún ẹni tí ó wà lẹ́yìn irin bọ́gúlárì, tí kò mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà, a kàn fún un ní ìṣẹ́jú 15 láti fi di irin mú ni.

Mo mọ èsì tí ẹ ó fún mi. Ẹ ó ní olè ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. Èmi náà ń sùn sẹ́yìn irin, n kò sì ní sọ fún ìyá arúgbó kan pé kí ó yọ ohun tí ó ń jẹ́ kí ó rí oorun sùn. Ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ tí ó jó irin náà pọ̀ lè fi ìde sí i lára, kí ojú fèrèsé kan, ó kéré tán, nínú yàrá kọ̀ọ̀kan lè ṣí láti inú. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì lè wà lórí ìṣó kan tí gbogbo ará ilé mọ̀, tí olè kò lè na ọwọ́ kàn láti ìta. Kọ́kọ́rọ́ tí ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí ẹnì kan ṣoṣo kì í ṣe ti ilé mọ́. Ti ẹni náà ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ìjẹ̀bú lọ́nà pàtàkì. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Èkó àti ní òkè òkun a máa kọ́ ilé ńlá sílé, ìyá àti bàbá wọn a sì máa dá gbé inú rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ọ̀dọ̀ kan. Nígbà Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ilé a kún fún àlejò; wọn a tẹ́ ẹní sí pálọ̀, wọn a sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. A máa ń fi ibi ìwẹ̀ han àlejò, a máa ń fi omi mímu hàn án. Ó yẹ kí a máa fi ọ̀nà àbájáde hàn án pẹ̀lú, kí ó tó sùn.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè pé kí òun ra ìborí tàbí kí òun má rà á, èsì mi ni pé ó ní ohun tí ó ṣáájú rẹ̀. Kí a kọ́kọ́ ṣe ilẹ̀kùn àti fèrèsé tí yóò ṣí. Kí a gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ilé. Kí a ra aago tí ó ń ké nígbà tí ó bá gbóòórùn èéfín, nítorí imú ẹni tí ó sùn kì í jí i. Kí a máa ti ilẹ̀kùn yàrá bí a bá fẹ́ sùn, láìfi kọ́kọ́rọ́ tì í, nítorí ilẹ̀kùn tí a pa dé a máa dá èéfín dúró fún ìgbà díẹ̀. Kí a kọ́ àwọn ọmọ láti rá mọ́lẹ̀, kí wọ́n jáde, kí wọ́n má sì padà lọ mú ohunkóhun. Ìta ni kí a ti pe 112. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí, bí owó bá ṣẹ́ kù, kí a ra ìborí fún ẹni tí kò lè tètè rìn àti ẹni tí yóò mú un jáde, kí a wo ọjọ́ tí agbára rẹ̀ yóò tán, kí a sì kọ́ bí a ti ń wọ̀ ọ́ ní ojúmọmọ.

5. Ìkádìí

Èdè wa kò ṣàìní ohun tí a lè fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Láti ara "mí" ni a ti rí èémí. Ara rẹ̀ náà ni a ti rí ẹ̀mí. Yorùbá ti mọ̀ tipẹ́ pé ohun tí ó ń wọlé tí ó ń jáde ní imú wa ni a fi wà láàyè. Ohun tí ó kù ni kí a mú ìmọ̀ náà wọ inú ilé tí a ń gbé báyìí. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akéwì, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa gbọ́ lẹ́nu yín pé èéfín ni aṣáájú iná, kí ojú wọn tó kúrò lórí òrùlé. Ẹ̀yin onílé, bí ẹ bá délé lálẹ́ òní, ẹ bi ọmọ tí ó kéré jù nínú ilé yín pé níbo ni kọ́kọ́rọ́ wà. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ọ̀la ṣú kí ó tó mọ̀ ọ́n.