Ìró Ìlú Wa: Ta Ni Yóò Tọ́jú Rẹ̀?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́)

 

Ẹni tí ó bá dúró lẹ́bàá títì ní Mowe tàbí Ìbàfọ̀ ní ìdájí yóò gbọ́ àwọn kọńdọ́ tí ń ké pe èrò Bẹ́gà àti Ọ̀ṣóòdì. Ariwo lásán ni ọ̀pọ̀ nínú wa kà á sí. Emeka Ogboh, ọmọ Enugu tí a bí ní 1977, kò kà á sí bẹ́ẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ sí àwọn ibùdókọ̀ Èkó, ó gba igbe kọńdọ́, fèrè ọkọ̀ àti ohùn àwọn tí ń kiri ọjà, ó sì fi wọ́n ṣe iṣẹ́ ọnà gẹ́gẹ́ bí agbẹ́gilére ti ń fi igi ṣe tirẹ̀. Àwọn ará òkè òkun wá ń fi etí wo Èkó! Ní 2015, níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ní Venice, ó mú kí ọmọ Áfíríkà mẹ́wàá tí ń gbé ní Berlin kọ orin orílẹ̀-èdè Jámánì, olúkúlùkù ní èdè abínibí rẹ̀. Èdè Yorùbá sì wà níbẹ̀.

Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí wa. Bí onílù dùndún bá fún ọsán mọ́ra, ohùn ìlù a ròkè. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, a wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni awọ àti igi ṣe ń kí ènìyàn lóríkì, tí onílù kò sì lanu. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, tí ó fi ohùn èdè wa ṣe orin ìjọ, kọ orin 43 sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Ó kú ní 1930, ṣùgbọ́n a ṣì lè gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ti Ìfọ̀ ńkọ́? Láti 1901 ni ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ti ń gba ibẹ̀ kọjá, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀ka ti Ìlaròó ti yà. Ọkọ̀ ojú irin eléèéfín ti lọ. Ta ni nínú wa tí ó gba fèrè rẹ̀ sílẹ̀? Fàkà-fìkì tí àwọn ọmọdé ń fi ẹnu ṣe ni ó kù lọ́wọ́ wa. (Iṣẹ́ ọnà ni ìyẹn pàápàá, bí ẹ bá bi mí.)

Àwọn àgbà onílù wa ṣì wà láyé. Foonu wà lọ́wọ́ gbogbo ọ̀dọ́ tí ó jókòó síhìn-ín. Mo bẹ ẹgbẹ́ yìí pé kí a yan ọ̀dọ́ méjì ní ìlú kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gba ìlù wọ̀nyí sílẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ onílù, ọjọ́ àti ohun tí ìlù wí, nítorí pé ìlù tí a gbà láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀ dà bí lẹ́tà tí a kò lè kà. Kí ẹ̀yin tí ẹ wà ní òkè òkun dá owó rẹ̀. Kí a sì san ti onílù fún un kí ó tó gbé ọ̀pá sókè.