Ta Ni Bàbá Ajá Yìí? Ohun Tí Àyẹ̀wò DNA Mọ̀ Nípa Ajá Àdàlù

Ọ̀rọ̀ ajá ni mo gbé wá, àgàgà ajá àdàlù, èyí tí àwọn tó ń tajá nígboro ń pè ní kírọ́ọ̀sì.

Ní Bar Harbor, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Maine lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, onímọ̀ méjì, John Paul Scott àti John Fuller, fi ọ̀pọ̀ ọdún sin ajá láti fi ṣèwádìí. Wọ́n mú basenji, ajá igbó Kóńgò tí kì í gbó bí ajá yòókù ṣe ń gbó, wọ́n jẹ́ kó gun cocker spaniel, ajá elétí gbọ̀ọ̀rọ̀ tí àwọn ọdẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí kò jọ ìyá, wọn kò jọ bàbá. Nígbà tí àwọn ọmọ yìí náà gun ara wọn, ọ̀rọ̀ wá di àràmàǹdà: àwọ̀ ọmọ-ọmọ kan kò bá ti èkejì mu, etí wọn ò rí bákan náà, irun wọn ò dọ́gba. Ìwé tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ jáde ní 1965. Ẹ kó àwọn ọmọ-ọmọ yẹn síwájú ẹni tó mọ ajá jù ní gbogbo ọjà, yóò dárúkọ oríṣi ajá mẹ́wàá kó tó dé orí basenji, bí yóò bá tilẹ̀ dé ibẹ̀ rárá.

Kí ló dé? Ìdí ni pé jíìnì díẹ̀ ló ń darí ohun tí ojú wa ń rí lára ajá. Ní 2007 ni wọ́n rí i pé jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní IGF1 kó ipa ńlá nínú kí ajá jẹ́ kúkúrú bíńtín. Ní 2009, wọ́n tún rí i pé ẹ̀dà jíìnì kan ṣoṣo ló ń sọ ẹsẹ̀ ajá dachshund di ṣókí. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n fi hàn pé jíìnì mẹ́ta péré ló wà nídìí èyí tó pọ̀ jù nínú oríṣiríṣi irun tí ajá ń hù. Púpọ̀ nínú jíìnì tó kù kì í jáde síta kí ojú rí i. Nítorí náà, ajá lè gba ìlàjì ara rẹ̀ lọ́dọ̀ Alsatian, kó má sì sí àmì Alsatian kan lára rẹ̀.

Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ajá náà ń ṣì í. Ní ilé ìtọ́jú ajá tí kò lólówó, ọ̀kan ní Arizona, ọ̀kan ní San Diego, wọ́n ṣe àyẹ̀wò DNA fún ajá tó lé ní 900, wọ́n sì fi àbájáde rẹ̀ wé ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ti kọ sílẹ̀. Ìwádìí náà jáde ní 2018. Bó bá jẹ́ ẹ̀yà kan péré ni wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ mọ̀ lára ajá, wọ́n gbà á nínú nǹkan bí ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá ti ju ẹ̀yà kan lọ, ó já wá sí nǹkan bí ìdá 10. Ẹ má sì rò pé eré lásán ni. Ajá tí wọ́n bá kọ “pit bull” sí lọ́rùn máa ń pẹ́ kó tó rí ẹni mú un lọ sílé. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí ní London, ẹ kìlọ̀ fún wọn: òfin Britain ti 1991 lórí ajá tó léwu kò béèrè DNA rárá, ìrísí ajá ni wọ́n ń wò, wọ́n á fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n. Ìwé àyẹ̀wò kì í gba irú ajá bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Àyẹ̀wò fúnra rẹ̀ kò le. Òwú tí wọ́n we mọ́ orí igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń kì bọ ẹnu ajá, wọ́n á fi ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ nínú títí itọ́ yóò fi mu òwú náà dáadáa. Kò gbọdọ̀ jẹ́ pé ajá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán, kó má baà jẹ́ màlúù inú oúnjẹ rẹ̀ ni wọn yóò kà. Nǹkan bí bílíọ̀nù 2.4 lẹ́tà ló wà nínú DNA ajá. Ajá boxer kan tó ń jẹ́ Tasha ni wọ́n kọ́kọ́ kà tán, wọ́n sì gbé e jáde ní 2005. Ilé iṣẹ́ àyẹ̀wò kì í ka gbogbo rẹ̀. Ibi tí ajá ti máa ń yàtọ̀ síra ni wọ́n ń kà. Iye ibi tí ilé iṣẹ́ Embark ń kà lé ní 200,000.

Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń fi wé? DNA ajá tí wọ́n ti mọ ẹ̀yà rẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ Kennel Club sílẹ̀ ní London ní 1873 ni àwọn olówó ajá ti ń kọ ìran ajá sínú ìwé, tí wọ́n sì ń tilẹ̀kùn mọ́ ajá tí bàbá àti ìyá rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀. Ìbátan ń gun ìbátan, DNA ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan wá jọra gan-an. Èyí ló jẹ́ kí àwọn onímọ̀ lè fi DNA mọ ẹ̀yà ajá ní 2004: nínú ẹ̀yà 85 tí wọ́n lò, ajá 99 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n gbé síbi tó tọ́ sí. Ní 2007, ilé iṣẹ́ Mars gbé àyẹ̀wò Wisdom Panel sọ́jà. Bẹ́ẹ̀ ni, Mars tó ń ṣe ṣokoléètì.

Ẹ fojú inú wo ìyá aláṣọ ní ọjà Gbági, ní Ìbàdàn, tí ẹnì kan fún ní àjákù aṣọ pé kó sọ ibi tó ti wá. Bí irú aṣọ náà bá wà lórí pẹpẹ rẹ̀, kíá ni yóò fà á yọ. Bó bá jẹ́ pé ahunṣọ kan ní abúlé tí kò dé rí ló hun ún, tí wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ dákẹ́, èyí tó sún mọ́ ọn jù nínú ọjà rẹ̀ ni yóò dárúkọ. Kò purọ́, kò sì sọ òótọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé iṣẹ́ àyẹ̀wò ń ṣe bí irú ajá kan kò bá sí nínú ohun tó ń fi wé.

Ilé iṣẹ́ tó tilẹ̀ ń purọ́ náà wà. Ní 2024, oníròyìn tẹlifíṣọ̀n kan ní Boston fi itọ́ ẹnu ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àyẹ̀wò ajá. Ọ̀kan nínú wọn dá a lóhùn pé Alaskan malamute ni ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ara rẹ̀, Shar-Pei àti Labrador pín ìyókù. Ẹni tó bá fẹ́ náwó, kó mọ ẹni tó ń náwó fún.

Ajá ilẹ̀ wa ńkọ́, àwọn tí ọmọ Èkó ń pè ní ekuke? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé àdàlù ni wọ́n, pé ajá òyìnbó ló bà jẹ́ di irú wọn. N kò gbà bẹ́ẹ̀, ìwádìí pẹ̀lú kò sì gbà bẹ́ẹ̀. Onímọ̀ kan, Adam Boyko, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀ ajá abúlé ní Íjíbítì, Uganda àti Namibia, wọ́n fi wé ajá ìgboro Puerto Rico àti ajá àdàlù Amẹ́ríkà. Ní 2009 ni èsì rẹ̀ jáde. Ìran ẹ̀yà Yúróòpù ló kún inú ti Puerto Rico àti ti Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ajá ilẹ̀ Áfíríkà ní ìran tiwọn, tó ti wà kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìwé ẹ̀yà kankan. Boyko yìí kan náà àti ẹ̀gbọ́n-àbúrò rẹ̀ Ryan ló dá Embark sílẹ̀ ní 2015, tí wọ́n fi ajá abúlé kún ohun tí wọ́n ń fi wé. Ní 2018, àwọn onímọ̀ China àti ti Nàìjíríà ka DNA ajá Nàìjíríà látòkè délẹ̀, wọ́n sì rí i pé àwọn jíìnì tó ń bá kòkòrò àìsàn ilẹ̀ olóoru jà ti yí padà lára wọn. Ajá tí wọ́n ń fi òkò lé ní ìdíkọ̀ ló gbé irú ogún bẹ́ẹ̀ dání.

Ẹnìkan lè béèrè pé ṣé àyẹ̀wò á sọ bóyá ajá mi máa burú. Kò ní sọ. Ìwádìí kan tó jáde ní 2022, tó kan ajá 18,385, rí i pé ẹ̀yà kò ṣàlàyé ju nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú bí ìwà ajá kan ṣe yàtọ̀ sí ti òmíràn. Ọmọ ìyá kan náà pàápàá kì í pín ogún dọ́gba: kírómósómù 39 ni ajá ń gbà lọ́dọ̀ bàbá, 39 lọ́dọ̀ ìyá, ṣùgbọ́n kì í ṣe 39 kan náà fún gbogbo ọmọ.

Ibi tí mo ti máa ń gba ènìyàn níyànjú pé kó ṣe àyẹ̀wò ni ti oògùn. Jíìnì kan wà tí wọ́n ń pè ní MDR1. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ti àwọn oògùn kan jáde kí wọ́n má baà wọ ọpọlọ. Lára ajá collie àti àwọn ìbátan rẹ̀, lẹ́tà mẹ́rin péré ló já bọ́ nínú jíìnì yìí, iṣẹ́ náà sì dẹnu kọlẹ̀. Onímọ̀ kan, Katrina Mealey, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló rí i ní 2001. Irú ajá bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá fún un ní oògùn ivermectin púpọ̀ nítorí kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ lára, ó lè máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, kó dákú, kó kú. Ojú kì í rí i: collie lè jẹ́ ìyá-ìyá ajá náà, kí ajá fúnra rẹ̀ rí bí ekuke. Bí o bá ra kírọ́ọ̀sì tí o kò mọ ìyá rẹ̀, bi dókítà ẹran léèrè nípa MDR1 kó tó fa abẹ́rẹ́ yọ.