Kí Ìyá Lè Fi Ẹnu Ara Rẹ̀ Sọ̀rọ̀: Ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Ọgbọ́n Ìgbé-Ayé fún Òbí Tó Ṣí Wá sí Ìlú Ọba

 

Òbí tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí ni ẹni tó ti dàgbà kó tó dé ibí: ìyá oníṣòwò láti Ṣakí, ìyá àgbà tó wá gbé ọmọ-ọmọ pọ̀n, bàbá tó fi Faransé kàwé ní Kétu tàbí Àjàṣẹ́. Ọgbọ́n ìgbé-ayé ni kí èèyàn lè pe dókítà, kí ó ka lẹ́tà káńsù, kí ó bá olùkọ́ ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìyókù yé yín. N kò ní fi ìtumọ̀ jẹ àkókò wa.

Ó ti pẹ́ tí èmi àti àwọn kan ti ń fa ọ̀rọ̀ èdè tó yẹ kí a fi kọ́ irú òbí bẹ́ẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní nínú kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì, a kò gbọdọ̀ gbọ́ èdè mìíràn. Wọ́n ní Yorùbá yóò fa ìyá náà sẹ́yìn. Èyí tó dùn mí jù ni pé mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ wa tó kàwé. N kò gbà á rí, n kò sì ní gbà á lónìí.

Ẹ gbọ́ ẹ̀rí mi: ní oṣù Kìíní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní ilé-ìwé St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ló ṣáájú iṣẹ́ náà, Ford Foundation sì fi owó tì í lẹ́yìn. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Wọn kò fi Gẹ̀ẹ́sì dù wọ́n: ó dá dúró bí iṣẹ́ kan, olùkọ́ tó gbọ́ ọ dunjú ló sì ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ yòókù lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà wọ́n bọ́ sórí Gẹ̀ẹ́sì bí gbogbo ilé-ìwé ti ń ṣe. Ẹ wo iṣẹ́ ńlá tó wà níbẹ̀! Àwọn olùwádìí ní láti jókòó kọ ìwé, kí wọ́n wá orúkọ Yorùbá fún ohun tí sáyẹ́ǹsì dá lé lórí. Nígbà tí èsì jáde, àwọn tó fi Yorùbá kọ́ ohun gbogbo ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì náà. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Kí ló dé tí a fi ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́?

Wọn a ní ọmọdé nìyẹn, àgbà yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, àgbà yàtọ̀, torí ohun tó ti mọ̀ pọ̀ ju ti ọmọdé lọ. Nígbà tí mo ń kọ́ àwọn àgbà ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ní Ìbàdàn, ìyá aláṣọ kan wà níbẹ̀. Bí mo bá fi Gẹ̀ẹ́sì bi í ní iye owó ọ̀pá aṣọ méje, yóò kàn máa wò mí. Bí mo bá fi Yorùbá bi í, yóò dáhùn kí n tó pa ẹnu dé, yóò sì sọ iye tí òun yóò yọ fún oníbàárà. Ìṣirò ti wà lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kù kí ó kọ́. Bákan náà ni oògùn níbí. Ẹ kọ́kọ́ fi Yorùbá bá ìyá jíròrò ohun tí ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ jẹ́, kí wákàtí tó wà láàárín yé e, kí ẹ tó ka Gẹ̀ẹ́sì ara páálí oògùn. Kí ó wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, léraléra.

Òótọ́ ni pé nínú kíláàsì tí ará Sòmálíà, ará Bangladesh àti Yorùbá ti pàdé, olùkọ́ kò lè gbọ́ gbogbo èdè. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó gbọ́ èdè ara wọn fi ìṣẹ́jú díẹ̀ gbèrò pọ̀. Kò ná olùkọ́ ní nǹkan kan.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má bínú sí mi, mo fẹ́ bá yín wí díẹ̀. Ẹ ń gba fóònù lọ́wọ́ ìyá yín ní aago 8 àárọ̀ láti bá a pe ilé dókítà, ẹ sì ń rò pé ìrànlọ́wọ́ ni. Ẹ fún un ní fóònù náà. Ẹ jókòó tì í, kí ó pe orúkọ rẹ̀, kí ó sọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, kí ó sọ ibi tó ń dùn ún. Ẹ̀yin òbí náà, ẹ má mú ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ ṣe ògbufọ̀ níwájú dókítà. Àìsàn ìyá kì í ṣe ohun tí ọmọdé gbọ́dọ̀ máa túmọ̀. Ẹ ní kí wọ́n wá ògbufọ̀ fún yín, NHS kì í gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ yín.

 Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé: ní England, 31 oṣù Kẹwàá ni ìforúkọsílẹ̀ fún sẹ́kọ́ńdìrì ń parí, 15 oṣù Kìíní sì ni ti pírámárì. Òbí tó bá pẹ́, ibi tó bá ṣẹ́kù ni wọn yóò fún ọmọ rẹ̀. Ẹ fi fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ náà gan-an kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kẹsàn-án.

Ti owó: lábẹ́ ètò Skills for Life tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní 2001, ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀ fún àwọn àgbà. Láti 2007, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń rí i lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́. Ẹ ran àwọn òbí lọ́wọ́ láti béèrè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò bóyá ọ̀fẹ́ kàn wọ́n.

Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí wa ní yàrá tó ń ṣófo láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, a lè fi wọ́n ṣe kíláàsì. Kí àwọn tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn wá bá akọ̀wé ẹgbẹ́ wa kí a tó túká. A ó nílò ẹni méjì tí yóò máa tọ́jú àwọn ọmọ kéékèèké nígbà tí ìyá wọn bá wà ní kíláàsì.