Ohun Tí Ó Ń Ṣẹlẹ̀ Lọ́wọ́ àti Ohun Tí Ó Máa Ń Ṣẹlẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ mú ìwé àti gègé yín.

Ọmọkùnrin kan tí mo kọ́ ní Òde Ugbò lọ wá iṣẹ́ awakọ̀ ojú omi. Ọ̀gá ibẹ̀ bi í pé, "Do you drink?" Ọmọ náà, tí kò fi ẹnu kan ọtí rí, dáhùn pé, "No, sir, I am not drinking." Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà rí i pé kò sí ife lọ́wọ́ rẹ̀, ti ìrọ̀lẹ́ ni òun ń bèèrè. Ẹlòmíràn ni wọ́n fún ní iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, nítorí èmi ni mo kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Kí ló fa àṣìṣe náà? Bí a bá wí pé "Bàbá mi ń pẹja," ó lè jẹ́ pé bàbá wà lójú òkun nísinsìnyí, ó sì lè jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. "Ń" kan náà ló ń jẹ́ méjèèjì. Gẹ̀ẹ́sì yà wọ́n sọ́tọ̀. Bàbá tí ó wà nídìí àwọ̀n báyìí: "My father is fishing." Bàbá tí ó jẹ́ apẹja, bí ó tilẹ̀ ń sùn nílé: "My father fishes."

Ẹ dán an wò báyìí. Bí "lọ́wọ́" bá bá a mu, ẹ lo "is" àti "-ing". Bí ó bá jẹ́ "a máa" tàbí "máa ń", ẹ lo ọ̀rọ̀-ìṣe náà lásán. Omi òkun a máa kún, a sì máa fà: "The tide rises and falls." Ìyá mi a máa ná ọjà Igbókòdá: "My mother trades at Igbokoda." Ẹ má gbàgbé "s" ìparí, bí ó bá jẹ́ ẹnì kan tàbí ohun kan tí kì í ṣe èmi tàbí ìwọ.

Ẹ ṣọ́ra o: "mo lọ" tiwa ti kọjá, ṣùgbọ́n "I go" kò kọjá, mo máa ń lọ ni. Bí a kì í sì í wí pé "mo ń mọ̀ ọ́n", bẹ́ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì kì í wí pé "I am knowing him". "I know him" ni.

Ọmọ náà tún lọ sí ibòmíràn. Wọ́n bi í ní ìbéèrè kan náà. Ó ní, "No, sir, I do not drink." Wọ́n gbà á. Lónìí, bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè iṣẹ́ rẹ̀, "He drives a launch" ni ìdáhùn, ì báà jẹ́ pé orí ibùsùn ló wà.