Omi Àgbọn àti Sẹ́ẹ̀lì Tí N Kò Rí

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí kíláàsì bàyọ́lọ́jì wa ní Kankon. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́.

Ṣé ẹ rántí máíkírósíkóòpù kan ṣoṣo tí gbogbo wa tò sí ìdí rẹ̀? Tíṣà bó awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú àlùbọ́sà, wọ́n kán áyódíìnì sí i. Nígbà tó kàn mí, irun ìpéǹpéjú ara mi ni mo rí! Ojú tì mí, n kò lè sọ. Mo bá ya ti inú ìwé: ògiri sẹ́ẹ̀lì, núkílíọ́sì, gbogbo ẹ̀. Tíṣà, ẹ fún mi ní 9 nínú 10. Ẹ má bínú, sà.

Yunifásítì ni mo ti wá gbọ́ nípa àgbọn, àgbọn tí à ń jí ká yìí o. Nínú omi àgbọn tútù, núkílíọ́sì a máa léfòó káàkiri láìsí ògiri láàárín wọn. Bó bá ń gbó, ògiri á bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ èèpo wá sínú. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ló ń di funfun tí à ń jẹ. Lọ́dún 1941, Johannes van Overbeek àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi omi àgbọn tọ́ ọmọ inú irúgbìn Datura, irú gégemu, ó sì dàgbà. Àwa ń mu ún, à ń da ìyókù nù!

Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa ra máíkírósíkóòpù mẹ́ta fáwọn ọmọ. Owó tèmi ti wà lọ́wọ́ akápò. Àgbọn ò ní wọ́n wọn.