Ilé Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Tí Ṣọ́ọ̀bù Wà Nísàlẹ̀ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ ilé ni a mú wá fún yín: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a ń tajà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí onílé sì ń gbé òkè. Ẹni tí ó bá gba Dùgbẹ̀ wọ Gbági àtijọ́ yóò rí wọn níbẹ̀, bí páànù wọn tilẹ̀ ti dípẹtà.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ìlú wa nìkan. Ní Chester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ti ju 600 ọdún lọ tí wọ́n ti ń tajà nísàlẹ̀ ilé àti ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè rẹ̀. Ní tiwa, àwọn Àgùdà tí ó padà bọ̀ láti oko ẹrú ní ilẹ̀ Brazil ni ó mú ọnà ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gbilẹ̀ ní Èkó. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin sì dé Ìbàdàn ní 1901, àwọn oníṣòwò rọ́ wá sí ìtòsí ibùdó rẹ̀.

Ẹ kíyèsí ọgbọ́n tí ó wà nínú ilé náà. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù fẹ̀, ó sì kọjú sí títì. Àtẹ̀gùn wà lẹ́yìn, kí oníbàárà má bàa ya inú yàrá ìdílé. Ògiri ìsàlẹ̀ nípọn, nítorí òun ni ó ru ti òkè. Fàráńdà òkè ṣíji bo ẹni tí ń rajà. Owó ìsàlẹ̀ ń tún òkè ṣe. Ojú tí ó wà lókè ń ṣọ́ ìsàlẹ̀.

Ǹjẹ́ níbo ni ìbàjẹ́ ń gbà wọlé? A ti jókòó nínú ìpàdé ẹbí tí àwọn ọmọ ti ń pín owó ṣọ́ọ̀bù, tí ẹnikẹ́ni kò rántí òrùlé. Omi ń wọ ògiri amọ̀ láti òkè. Ẹnì kan sì ti gé ògiri ìsàlẹ̀ kí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lè gbòòrò. Kò pẹ́ tí ògiri fi là. Nígbà náà ni wọ́n wí pé ilé ti gbó, kí a tà á.

Ní Gbàgede Tinúbú ní Èkó, ìdílé Fernandez kọ́ ilé kan ní 1855 fún títa ọtí àti oúnjẹ, èyí tí a wá mọ̀ sí Ilojo Bar. Ní 1956 ìjọba kà á mọ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án, 2016, a wó o palẹ̀. Òfin wà nínú ìwé fún 60 ọdún. Ilé kò sí mọ́. Nítorí náà, kí a má ṣe fi gbogbo ìṣọ́ ilé wa lé ìjọba lọ́wọ́.

Ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀ yín sí. Kí a tó pín owó ṣọ́ọ̀bù, ẹ yọ ti òrùlé sọ́tọ̀, kí ẹnì kan tí a gbẹ́kẹ̀lé tọ́jú rẹ̀. Ẹ má ṣe gé ògiri kan láìjẹ́ pé bíríkìlà tí ó mọ iṣẹ́ ti yẹ̀ ẹ́ wò. Kí baba sì kọ ìfẹ́ inú rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ó wà láàyè, kí àwọn ọmọ má bàa torí ilé di ọ̀tá.

Baálé tí Olúwa wa jẹ oúnjẹ ìrékọjá nínú yàrá òkè rẹ̀, a kò mọ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a béèrè yàrá náà, a bá a ní ìmúrasílẹ̀. Kí ilé tiwa náà rí bẹ́ẹ̀.